Ṣúgà Ọmọ Tuntun Kò Gbọdọ̀ Dúró De Adó
Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí ni ìwé ẹrù ìbímọ tí aboyún kan fi hàn mí ní Ìkẹ́rẹ́. Dẹ́tọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, òwú wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí wọn yóò fi yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn bàbá wa tó ní àtọ̀gbẹ ń lò nílé náà ni. Bí wọ́n bá ti gé okùn ìwọ́, ọpọlọ ọmọ dà bí àtùpà tí ẹnikẹ́ni kò bu epo sí mọ́. Ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nísàlẹ̀ ló ń jó. Ọmọ tó pé oṣù, tó sì tètè mu ọmú, kì í sábà níṣòro. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, èyí tó kéré jù, àti ọmọ ìyá alátọ̀gbẹ, bó ti wù kó sanra tó, ni mò ń bẹ̀rù fún. Bí ṣúgà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ó lè má sunkún rárá, kó kàn máa sùn ṣáá, títí gìrì yóò fi dé. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti gìgísẹ̀ ti tó. Bí nọ́ńbà bá wà lábẹ́ 2.6 mmol/L, ààlà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò, kí wọ́n fún un lọ́mú lójú ẹsẹ̀, tàbí dírípù ṣúgà. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà lè ṣì í díẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò gbọdọ̀ dúró de èsì. Ọ̀nà Adó-Èkìtì, níbi tí yàrá àyẹ̀wò wà, jìn láti Ìsẹ̀ àti Emùré. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ra ẹ̀rọ yìí sí gbogbo yàrá ìgbẹ̀bí, kí wọ́n má sì jẹ́ kí pélébé tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sí tán níbẹ̀.