Ẹ Yẹ Olùkọ́ Wò Kí Ẹ Tó Fa Akẹ́kọ̀ọ́ Lé E Lọ́wọ́

Gàmbàrí, Ìlọrin

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àwòṣe èdè kéékèèké fún Yorùbá,

Ohun tí ẹ ń lé kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Gàmbàrí níbí: ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá, tó lè wọ inú fóònù olówó pọ́ọ́kú, tí kò sì ní máa jẹ dátà. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe é ni mo bá yín wí lé lórí.

Láti 2015 tí Geoffrey Hinton, Oriol Vinyals àti Jeff Dean ti kọ ìwé ìwádìí wọn ni ọgbọ́n yìí ti gbilẹ̀: ẹ̀rọ ńlá ni olùkọ́, kékeré ni akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ìdáhùn nìkan ni kékeré ń kọ́. Ó tún ń kọ́ èyí tó dá olùkọ́ lójú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀, àti èyí tó ń ṣiyèméjì lé lórí. Ní 2019, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ DistilBERT kéré sí olùkọ́ rẹ̀, BERT, ní ìdá 40 nínú 100, síbẹ̀ ìdá 97 nínú 100 òye rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni BERT yẹn kọ́, ìwé Gẹ̀ẹ́sì sì pọ̀ jaburata. Ta ló sọ fún yín pé olùkọ́ tí ẹ ń lò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀?

Púpọ̀ nínú yín ń ní kí ẹ̀rọ ńlá kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn, ẹ sì ń kó wọn fún kékeré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè kà wọ́n. Ẹ tún wá ní kí olùkọ́ kan náà máàkì ìdánwò. Bí olùkọ́ bá ń da igba náírà pọ̀ mọ́ igbá ata, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á pọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, máàkì rẹ̀ á sì pé. Ní ilé kéwú, ta ni yóò fa ọmọ lé àlùfáà tí kò tíì lè ka Kùránì já geere lọ́wọ́?

Ilé-iṣẹ́ Meta ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2022. Wọ́n fi NLLB-200, ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè wọn tó ní paramítà bílíọ̀nù 54.5, kọ́ àwọn kékeré tó ní bílíọ̀nù 1.3 àti mílíọ̀nù 600. Ènìyàn ló túmọ̀ ìdánwò wọn, FLORES-200. Mo gbà fún wọn. Síbẹ̀, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì inú Wikinews àti irú rẹ̀ ni wọ́n túmọ̀. Ẹni tó ń ná ọjà tàbí tó ń ṣe àdúà ní Ìlọrin kò sí níbẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ YORÙLECT ti 2024, tó dìídì wá ẹ̀ka èdè lọ, dé Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ, kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwòṣe èdè AfriBERTa, ní 2021, kò tilẹ̀ ní olùkọ́. Ìwé tí kò tó gígábáìtì kan ní èdè Áfíríkà 11, Yorùbá wà nínú wọn, ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì bá àwọn tó jù ú lọ fíìfíì figagbága.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sanwó fún àwọn tó ń sọ èdè, kí wọ́n ṣe ìdánwò tí ẹ̀rọ kankan kò tíì rí. Ẹ fi dán olùkọ́ wò. Níbi tó bá ti yege, ẹ lò ó. Níbi tó bá ti kùnà, ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni kí ẹ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá sì ń gbé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ gbé àṣìṣe olùkọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ Gàmbàrí kan.