Awakọ̀ tó ń gba wọ́n-wéè kì í ṣe wèrè, ìwàǹwára rẹ̀ ló yẹ ká wọ̀n

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ l'Ékòó pé ẹni tó bá gba wọ́n-wéè, kí wọ́n gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ. Ní 2017, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, náà kéde irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń fi fóònù sọ̀rọ̀ nídìí ọkọ̀ àtàwọn tí kì í dúró níbi iná pupa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló pàtẹ́wọ́ sí i. Àmọ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ná: ṣé wèrè ló ń ṣe wọ́n lóòótọ́?

Ẹni tó fò kọjá iná pupa yẹn, orí rẹ̀ pé. Ó mọ owó kà, ó sì mọ òfin. Ohun tí kò ní ni sùúrù díẹ̀ tó yẹ kó wà láàárín ohun tó sọ sí i lọ́kàn àti ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ìwàǹwára nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ó ṣeé wọ̀n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ọ̀nà kan ni ìwé ìbéèrè. Èyí tó gbajúmọ̀ ni ti Ernest Barratt, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ BIS-11, tó jáde ní 1995, ní gbólóhùn 30. Èèyàn á sọ bóyá òun máa ń ṣe nǹkan láì rò ó, bóyá ọkàn òun kì í dúró síbì kan, àti bóyá òun máa ń gbèrò ọ̀la. Ọ̀nà kejì wà lórí kọ̀ǹpútà: tí àmì kan bá yọ, kéèyàn tẹ bọ́tìnnì, tí òmíràn bá yọ, kó má tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ọwọ́ rẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ kó tó rántí.

Ìwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti fi hàn pé àwọn tí máàkì ìwàǹwára wọn ga ló máa ń sọ jù pé àwọn ń sá eré àsápajúdé, pé àwọn ń mutí wakọ̀, pé àwọn ń rú òfin ojú pópó. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ o. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Kí ẹni tó kánjú tó ronú, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Síbẹ̀, ká má tan ara wa. Ẹni tó ń wá ìwé ìwakọ̀ kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé oníwàǹwára lòun. Ìwọ̀n yìí kò sì lè sọ pé lágbájá ló máa ní jàǹbá lọ́la, torí náà kò yẹ kí wọ́n tìtorí máàkì nìkan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tó ti wúlò ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́: kí ẹni tí wọ́n ń mú lemọ́lemọ́ mọ ibi tí ìjánu rẹ̀ ti tú, kí wọ́n sì kọ́ ọ bó ṣe máa dì í mú. Fún ìyókù, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí eré kọjá ààlà, tí FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọkọ̀ akérò láti ní ní 2016, kò nílò sùúrù ẹnikẹ́ni kó tó ṣiṣẹ́.

Ìwà awakọ̀ nìkan sì kọ́. Awakọ̀ dánfó tí sunkẹrẹ-fàkẹrẹ ti jẹ àárọ̀ rẹ̀, tí ọlọ́kọ̀ sì ń retí owó lálẹ́, bó ti wù kó ní sùúrù tó, ara rẹ̀ á máa gbóná. Àwa èrò ńkọ́? “Dẹ́rẹ́bà, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo ti pẹ́!” Ta ló ń sọ ọ́? Ó rọrùn láti pe awakọ̀ ní wèrè, torí àwa kì í ṣe wèrè. Ìwàǹwára ló ṣòro láti wọ̀n láìkan tiwa.