Ta Ni Fótò Ọkọ̀ Òfurufú Ń Pa Lára?

Púpọ̀ nínú yín ti bi wá pé, "Fótò ọkọ̀ òfurufú tí ẹ ní yóò wà lórí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ dà?" Kò sí o. Ẹ jẹ́ kí a sọ bó ṣe jẹ́.

Àwa ìgbìmọ̀ ni a mú onífótò wa lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré kan. Ọmọ ẹgbẹ́ bíi tiyín ni, owó tí ẹgbẹ́ yá a ló sì fi ra kámẹ́rà. A kò wọ inú ọgbà. Ẹ̀yìn wáyà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ni a wà. Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ fi dé. Wọ́n gba kámẹ́rà, wọ́n pa gbogbo fótò inú rẹ̀ rẹ́, títí kan ti ìgbéyàwó tí ó yà ní Sátidé, wọ́n sì ní kí a jókòó sílẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Báyìí, onígbèéyàwó ń béèrè owó rẹ̀, gbèsè kámẹ́rà kò sì dúró de ẹnì kan.

A kò bínú pé ẹ̀ṣọ́ bi wá léèrè. Ará ẹnubodè ni wá. Láti Owódé dé Ìdìròkò, ta ni wọn kò tíì ní kó tú àpò rẹ̀ rí? A rí i nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 1919+100, ìyẹn 2019, tí ti Ìdìròkò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin 2022. A mọ ohun tí à ń pè ní ààbò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yàtọ̀ sí ìyà. Òfin àṣírí ìjọba ti ọdún 1962 ka fótò ibi tí ìjọba ń dáàbò bò léèwọ̀ fún ẹni tí èrò ọkàn rẹ̀ bá lè pa ààbò ìlú lára. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà lára ìyẹn bí?

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2001, wọ́n mú ará Bìrìtìkó méjìlá àti ará Họ́láǹdì méjì ní Kalamata, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n lọ wò, wọ́n ní amí ni wọ́n. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ní oṣù kẹrin 2002. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, àwọn tó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gba ìdáláre. Ṣùgbọ́n ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pápá ọkọ̀ òfurufú ya ibì kan sọ́tọ̀ fún olùwòran. Wọ́n ń san owó ibi ìgbọ́kọ̀sí, àwọn ọmọdé ń wòran, ọlọ́jà ń tà, ẹ̀ṣọ́ sì ń ṣọ́.

Èyí ni a fẹ́ kí àwọn pápá kékeré wa ṣe. Kí wọ́n yan Sátidé kan lóṣù, kí wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kọ orúkọ àlejò sínú ìwé, kí wọ́n sì fi ibi tí a ó dúró sí hàn wá. Alákàrà yóò tà, elépà yóò tà, onífótò yóò jẹun. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọmọ Ìhunbọ̀ tó ń rí ọkọ̀ òfurufú lókè nìkan yóò lè rí i nílẹ̀.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa: a kò kọ ìwé ṣáájú. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó bá tún fẹ́ lọ, kó kọ̀wé, kó gba èsì tí wọ́n fọwọ́ sí, kó mú káàdì ẹgbẹ́ dání, kó sì kó fótò oníbàárà kúrò nínú kámẹ́rà kó tó jáde nílé.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, a ó bẹ̀ yín kí ẹ fún onífótò wa ní oṣù méjì sí i lórí gbèsè rẹ̀. Àwa la rán an níṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dá ru ẹrù náà.