Igi Ẹ̀gẹ́ Ní Ìwé Ẹ̀rí, Sáfà Kò Ní

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn torí àṣìṣe tó ba èsì ìdánwò jẹ́. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣe ìdánwò lọ́dún náà láti Àkànrán, Lálúpọn tàbí Mọ́níyà lè gbọ́ ìròyìn náà kó sì mí kanlẹ̀. Ibùdó ìdánwò 157 ni ọ̀ràn náà kàn, 65 l'Ékòó, 92 ní ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ló ní láti padà wá tún ìdánwò ṣe. Wọn ò dárúkọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rárá. Orí yọ àwọn ọmọ ibẹ̀. Àmọ́ orí ló yọ wọ́n o, kì í ṣe ètò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Kí ìdánwò náà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, JAMB yí nǹkan mẹ́ta padà. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ èsì wò padà, wọ́n pinnu láti da ìbéèrè àti ìdáhùn rú pátápátá kí ti ọmọ kan má bàa jọ ti ẹni tó jókòó tì í, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀rọ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ìyípadà yìí tó lè ṣiṣẹ́, àtúnṣe gbọ́dọ̀ dé orí àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ìyá tó ń gbé ìbéèrè fún ọmọ, tó sì ń gba ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Agbo sáfà méjì ló wà. Èyí tó ń bójú tó ẹkùn Kàdúná gba àtúnṣe. Èyí tó ń bójú tó Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn kò gbà á. Ilé-iṣẹ́ méjì ni JAMB gbé iṣẹ́ náà fún, ọ̀kan nínú wọn kò ṣe tirẹ̀ parí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí èsì fi jáde.

Ká sọ pé ìdáhùn tó tọ̀nà bọ́ sí ipò B lójú ẹ̀rọ ọmọ kan. Ọmọ náà tẹ B. Sáfà tí kò gba àtúnṣe kò mọ̀ pé wọ́n ti da ipò rú, torí náà kò mọ ohun tí B yẹn dúró fún. Ọmọ gbà á, ẹ̀rọ ní kò gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù ni pé àwọn sáfà wọ̀nyẹn kò kú. Bí wọ́n bá kú ni, ariwo ìbá ti sọ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Wọ́n tan, wọ́n gbé ìbéèrè jáde, wọ́n gba ìdáhùn, àwọn ọmọ parí iṣẹ́ wọn, wọ́n gba ilé lọ. Bí ènìyàn bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó gba àtúnṣe, kò sí ojú tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Àgbẹ̀ Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà mọ irú ewu yìí nínú ẹ̀gẹ́. Igi ẹ̀gẹ́ tó ti kó àrùn mòsáíkì lè wà nínú ìdì kan náà pẹ̀lú èyí tí ara rẹ̀ dá, kí wọ́n jọ gùn, kí wọ́n jọ tutù, kí owó wọn jọ dọ́gba. Ó di ìgbà tí ewé bá yọ, tó ká kò, tó pọ́n ní ibì kan tó sì wà ní tútù ní ibòmíràn, kí olóko tó mọ ohun tó gbìn. Nígbà yẹn, òjò àkọ́rọ̀ ti lọ, owó àwọn tó kọ ebè ti wọ àpò wọn. Olóko á kọ́kọ́ bú ilẹ̀ ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èsì ìdánwò gan-an nìyẹn. Nígbà tí JAMB kọ́kọ́ gbé ìṣirò jáde, nínú èsì 1,955,069, èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ni kò tó máàkì 200. Àwọn kan ní ọmọ ìwòyí kì í kàwé. Àwọn kan ní Tíkítọ́ọ̀kì ló fà á. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, rí i gẹ́gẹ́ bí àmì pé ìgbésẹ̀ tí wọ́n gbé lòdì sí màgòmágó ń so èso. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Fún àwọn tó tó ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún nínú àwọn ọmọ náà, ilẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gẹ́ ti jáde, ohun tó sì yẹ kí àwọn tó ń tọ́jú sáfà fi ṣe àwòkọ́ṣe nìyẹn. Láti ọdún 1967 ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà lọ́nà Mọ́níyà. Ní 1971, Sang Ki Hahn, ọmọ orílẹ̀-èdè Korea, dé síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀gẹ́ tí mòsáíkì kò ní lè borí. Iṣẹ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú ìran ẹ̀gẹ́ bíi TMS 30572 jáde, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì jẹ àǹfààní rẹ̀ débi pé àwọn ará Ìkìrè fi Hahn jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Ṣùgbọ́n kí ìran tuntun wà lóko IITA yàtọ̀ sí pé kí ó dé Ẹ̀rúnmu. Ta ló máa sọ fún àgbẹ̀ pé igi tí wọ́n tà fún un ni ìran tí wọ́n pè é? Ìdí nìyí tí IITA fi ṣe ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Seed Tracker, tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó irúgbìn, NASC, ń lò. Ẹni tó ń gbin igi ẹ̀gẹ́ fún títà á forúkọ oko rẹ̀ sílẹ̀ àti irú ìran tó gbìn, olùyẹ̀wò á wá wo oko náà, kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì ń gé igi lóko aládùúgbò láìbéèrè ìwé kankan. Síbẹ̀, ètò náà wà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè mọ̀.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà fún sáfà, ó sì ti pẹ́ ju Seed Tracker lọ. Ní 1993, Mark Burgess tó wà ní Yunifásítì Oslo nígbà náà kọ irinṣẹ́ kan tó pè ní CFEngine, torí pé ó ti sú u láti máa tọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ. Puppet dé ní 2005, Ansible ní 2012. Ènìyàn lè gba Ansible lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní àdììtú. Ẹnjiníà kò ní jókòó síwájú sáfà kó máa tẹ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ìwé kan ni yóò kọ ọ́ sí bó ṣe fẹ́ kí sáfà rí: ètò báyìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ báyìí, ilẹ̀kùn báyìí gbọ́dọ̀ wà ní títì. Irinṣẹ́ náà á ka ìwé yìí, á wo sáfà, á ṣe èyí tó kù, á sì fi èyí tó ti wà sílẹ̀. Ọmọ tó bá bá àmù ní kíkún kì í tún da omi sí i. Torí náà, a lè ní kó tún iṣẹ́ kan náà ṣe nígbà mẹ́wàá láìba nǹkan jẹ́. Ní ìparí, á ka orúkọ gbogbo sáfà, á sọ èyí tó ti dọ́gba àti èyí tí ọwọ́ kò tíì tó.

Orúkọ tí yóò kà yẹn ṣe pàtàkì ju iṣẹ́ tó ṣe lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Ọkùnrin kan á wà níwájú kọ̀ǹpútà lóru, á parí sáfà kan, á fi báírò fa ìlà sí ìwé, á bọ́ sí èkejì. Fóònù á dún. Nígbà tó bá máa padà dé, kò ní rántí mọ́ bóyá ó ti ṣe ìkẹfà tàbí kò tíì ṣe é. Ó máa ní òun ti ṣe é. Ọ̀gá rẹ̀ máa gbà á gbọ́.

Wọ́n ti san owó ẹ̀kọ́ yìí níbòmíràn. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Knight Capital tó ń ra ìpín tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà gbé ètò tuntun sórí sáfà mẹ́jọ. Méje gbà á. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é gbàgbé ìkẹjọ, kò sì sí ẹnìkejì tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nígbà tí ọjà ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ìkẹjọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, ó ń tà á bí ẹni orí rẹ̀ dàrú. Láàárín ìṣẹ́jú 45, nǹkan bí 440 mílíọ̀nù dọ́là ti wọmi. Àwọn ènìyàn Knight Capital kì í ṣe òpè. JAMB náà pe tirẹ̀ ní àṣìṣe ọmọ ènìyàn, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn á máa ṣàṣìṣe lọ́la náà. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni ìdí tí àṣìṣe ẹnì kan ṣoṣo fi rí ọ̀nà gbà kọjá débi ọmọ 379,997 láìsí ibodè kankan tó dá a dúró.

Ẹni tó bá ta ko irinṣẹ́ wọ̀nyí ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike rán àtúnṣe kan tó ní àbùkù jáde, kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ sì dákú. Ọ̀pọ̀ bàálù kò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan dá iṣẹ́ dúró. Ọwọ́ ènìyàn ìbá ti fà á díẹ̀ kí ìparun náà tó kárí. Àtakò yìí lágbára, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ kì í ṣe irinṣẹ́ ló ní kí wọ́n rán an sí gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí àgbẹ̀ Ìjàyè tó máa gba ìran àgbàdo tuntun lónìí, kó sì gbìn ín sí gbogbo oko rẹ̀ lọ́la. Ebè mélòó kan ló máa kọ́kọ́ fi dán an wò. Irinṣẹ́ kan náà tó lè rán àtúnṣe sí ẹgbẹ̀rún sáfà lè rán an sí ẹyọ kan, kó dúró, kí wọ́n fi ìdánwò àròsọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó ní kó máa lọ.

Àtakò kejì ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àkànrán mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ lè lọ láàárín gbólóhùn kan. Kò burú. Kò pọn dandan kí olú-iṣẹ́ JAMB ní Abuja ti àtúnṣe wọlé. Sáfà fúnra rẹ̀ lè lọ gbé e ní òru tí ọ̀nà bá là. Èyí tó pọn dandan ni pé láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kí sáfà fi àmì rẹ̀ hàn. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní SHA-256 tó ń sọ gbogbo ohun tó wà nínú ètò kan, bó ti wù kó tóbi tó, di àmì lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Bí ẹ̀là ọ̀rọ̀ kan bá yí nínú ètò náà, àmì náà á yí. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kò tó ìdajì ohun tí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lè fi ránṣẹ́ nínú tẹ́ẹ̀sì kan. Bí àmì tó wà ní ibùdó kò bá bá ti olú-iṣẹ́ mu, kí sáfà má ṣí. Kí wọ́n sún ìdánwò ọjọ́ náà síwájú fún wákàtí méjì. Ariwo á sọ, àmọ́ ariwo àárọ̀ sàn ju ẹkún ọ̀sẹ̀ kẹta lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan abúlé ju ìgboro lọ ni pé abúlé ni àtúnṣe ìdánwò ti wọ́n jù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ní kí àwọn kan dé ibùdó ní 2025 fún àyẹ̀wò. Ọmọ tó ń bọ̀ láti oko lẹ́yìn Àkànrán kò lè bá a láìjẹ́ pé ó sùn sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Ìbàdàn, tàbí kó wá ọ̀kadà lóru kó tó rí ọkọ̀ Máíkírà wọ̀. Owó ọkọ̀ yẹn, ẹnì kan ló ta gàrí láti rí i. Nígbà tí JAMB kéde àtúnṣe ìdánwò ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 16 ni wọ́n fi ìdánwò tuntun sí, nígbà tí ìdánwò WAEC ṣì ń lọ lọ́wọ́. Tẹ́ẹ̀sì àti ímeèlì wà lára ohun tí wọ́n fi pe àwọn ọmọ. Ká ní ẹkùn Ìbàdàn ló ṣẹlẹ̀ sí, ọmọ mélòó ni fóònù rẹ̀ ì bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wọn fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí i? Ìdánwò nìkan kọ́. Ní ìparí ọdún 2024 tí báńkì ńlá mélòó kan pààrọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò wọn, ọjọ́ mélòó kan ni owó fi há sínú ẹ̀rọ. Olówó Bódìjà ní àkántì mẹ́ta. Ìyá tó kó ẹ̀fọ́ wá sọ́jà Mọ́níyà ní ẹyọ kan.

Ó yẹ kí a yin JAMB pé ó jẹ́wọ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba tó máa dúró síta sọ pé àwa la jẹ̀bi kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Àmọ́ ẹkún kò lè gbé àtúnṣe sórí sáfà, ìlérí pé wọn yóò ṣọ́ra sí i kò sì lè gbé e.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn òbí àti àwọn káńsẹ́lọ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà béèrè kéré. Kí ibùdó kọ̀ọ̀kan tẹ àmì sáfà rẹ̀ sórí bébà láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kí alábòójútó fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ọmọ, kí JAMB sì gbé àmì tó yẹ kó jẹ́ sójú òpó rẹ̀. Bàbá tó jókòó sábẹ́ igi níta, tó ń retí ọmọ, lè ya fọ́tò rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ n'Íkẹjà tí ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kí wọ́n pe ẹni tó yẹ kí wọ́n pè kí ọmọ kankan tó tẹ B.