Àwòrán Tí Ń Sáré àti Iṣẹ́ Tí Kì í Yá

Ọgbọ́n kan ń bẹ tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe sinimá kúkúrú fẹ́ràn láti máa dán wò, tí ó sì yẹ kí àwa àgbà kíyè sí. Wọn a gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, yóò sì máa ya àwòrán kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí wákàtí kan bá pé, àwòrán 360 ti wà nílẹ̀. Sinimá a sì máa fi àwòrán 24 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà odindi wákàtí di ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ní 1910 ni Percy Smith, ará Lọ́ńdọ̀nù, ti fi irú ọgbọ́n yìí ṣe sinimá òdòdó tí ń là.

Ìkùukùu àti ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń yà. Èyí kò burú, pàápàá ní títì Àgbádárìgì tí ọkọ̀ ti ń rìn bí ìgbín! Ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ sí ọgbọ́n yìí jù ni èyí tí ojú kò lè bá dúró. Ní Ọ̀jọ́, ẹ wo koríko olódòdó àlùkò tí ń léfòó lórí omi, tí a kọ́kọ́ rí ní odò Àgbádárìgì ní 1984: apẹja mọ̀ pé ó ti dí ọ̀nà ọkọ̀ òun, ṣùgbọ́n ta ni ó rí i nígbà tí ó ń bọ̀? Bí wọ́n bá sì rìn dé Abẹ́òkúta, kí wọ́n ya aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró: bí ewé ni yóò kọ́kọ́ rí, kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di dúdú aró.

Níhìn-ín ni ẹ̀rù gbé ń bà mí. Eérú tí a sẹ́, ẹ̀lú tí a gún tí a sì sá, ọjọ́ tí ìkòkò fi jókòó kí ó tó mú, gbogbo rẹ̀ ni kámẹ́rà lè gbé mì. Ẹni tí ó bá rí i pé aró dé ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, yóò ha fẹ́ san owó iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ fún aláró bí? Mo ní kí omi, ojú ọ̀run àti àwọ̀ aṣọ máa sáré. Ṣùgbọ́n ọwọ́ aláró, kí a fi í hàn bí ó ti ń rìn gan-an, kí a sì kọ iye ọjọ́ iṣẹ́ náà sára àwòrán.

Kí àwọn ará Ọ̀jọ́ má sì ṣe kọjú kámẹ́rà sí bárékè láìgba àṣẹ. Òfin 1962 lórí àṣírí ìjọba kò gbà á, ológun kò sì ní fi ojú rere wo ẹ̀rọ tí ó dúró sójú kan fún wákàtí mẹ́ta. Etí omi ni kí wọ́n lọ ní kùtùkùtù, kí àwọn baálẹ̀ sì fi wọ́n mọ àwọn apẹja tí ó mọ ibi tí koríko náà ń gbà wọlé.