Bàbá Sàlá kì í ṣe àlejò ní Kétu

Ọ̀rọ̀ kan ti há wa lọ́fun láti bí oṣù mélòó kan, a ó sọ ọ́ lónìí. Ẹni tí kò bá dùn mọ́, kó fara balẹ̀ kà á parí kó tó bú wa.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, àwa olùkọ́ mẹ́ta jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a ń wo eré Bàbá Sàlá kan lórí fóònù. Àwòrán rẹ̀ ti gbó, ohùn rẹ̀ ń já, síbẹ̀ ẹ̀rín pa wá débi pé omi bọ́ lójú ẹnì kan nínú wa. Ni ọ̀gá kan tó ń kọjá bá yọjú wo fóònù náà. Ó mi orí. Ó fi Faransé bi wá pé ṣé ẹ̀yin tí ẹ kàwé náà lẹ ń wo irú èyí, eré àwọn ará oko Nàìjíríà. Ó bá tirẹ̀ lọ. A kò dá a lóhùn nítorí pé ó jù wá lọ lọ́jọ́ orí, a kì í sì í bá àgbà jiyàn lójú ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Ibi ìkómọ la ti ń gbọ́ ọ, ibi ìpàdé òbí la ti ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n ń kà sí wa lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní eré ará oko ni. Wọ́n ní ti Nàìjíríà ni, kò kàn wá. Wọ́n ní ó ń ba Faransé àwọn ọmọ jẹ́. A ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ará oko. Nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n kọ́ wa ní L'Avare, eré tí Molière gbé jáde ní 1668. Ahun bàbá kan ló wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Harpagon. Ó ri owó rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà, ó ń fura sí ọmọ, ó ń fura sí ìránṣẹ́, ó tún fẹ́ gbé ọmọbìnrin tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nífẹ̀ẹ́ sí níyàwó. A kọ́ ọ sórí, a ṣe ìdánwò lórí rẹ̀, wọ́n sọ fún wa pé ọgbọ́n ńlá ni. Òótọ́ ni, ọgbọ́n ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, nílé, a tún ń wo bàbá kan tó de táì labalábá ńlá mọ́rùn, tó fi awò tí kò ní dígí sójú, tó gbé aago ńlá kọ́ àyà bí ẹni gba oyè. Òun náà láhun, òun náà ń lé obìnrin tí kò tọ́ sí i, gbogbo ètekéte rẹ̀ sì ń padà wá bù ú jẹ. Kí ló sọ ti àkọ́kọ́ di ọgbọ́n tó sọ ti èkejì di ti ará oko? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Ọ̀kan ń sọ Faransé, èkejì ń sọ èdè ìyá wa.

Àwọn tó ń bú wa yìí kan náà, ẹ lọ sílé wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ ó bá wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wo Louis de Funès nínú Le Gendarme de Saint-Tropez, fíìmù 1964. Ọlọ́pàá kúkúrú kan tó ń jágbe mọ́ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń wólẹ̀ fún ẹni tó wà lókè rẹ̀. Àwa náà ń rẹ́rìn-ín sí i, ó dùn. Ṣùgbọ́n ta ló ti gbọ́ kí wọ́n pè é ní eré ará oko Faransé?

Ta tilẹ̀ ni ará oko yìí? Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, wọ́n bí i ní 1936. Olórin ni kó tó di aláwàdà. Nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní October 31, 1959, wọ́n nílò ẹni tí yóò máa bá ará ilé sọ̀rọ̀ ní èdè ará ilé. Ọláìyá àti ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó kú ní Iléṣà ní October 7, 2018, àwa níhìn-ín náà ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún wa ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó kan ẹ̀sùn kejì, pé ti Nàìjíríà ni. Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká rántí ìtàn. Ní 1886, ogun Dàhọ̀mì pa Kétu run, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mì. Ní 1889, nígbà tí ìlú ṣì wà ní ahoro, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù, wọ́n fa ìlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó ń sin Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fa ìlà kò bèèrè lọ́wọ́ bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Títí dòní, a ń kọjá ìlà yẹn lọ sin òkú, a ń kọjá rẹ̀ lọ fẹ́ ìyàwó, a ń kọjá rẹ̀ lọ ra epo tí gbogbo zémìjàn ìlú yìí ń dà sí ọ̀kadà wọn. Ṣé epo nìkan ni kí ó máa kọjá ni? Ṣé ẹ̀rín ni kí aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé?

Àwọn ẹlòmíràn kò ṣe ara wọn báyìí. Ní 1974, tẹlifíṣọ̀n kan ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Monty Python, eré àwàdà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, han àwọn ará Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ti bá Gẹ̀ẹ́sì jagun kí wọ́n tó gba òmìnira. Síbẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn àwàdà wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò ó títí dòní, kò sì sí ẹni tó sọ pé wọ́n ti ta ìlú wọn. Èdè kan náà ló so wọ́n pọ̀. Àwa tí kì í ṣe èdè nìkan ló so wá pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tí oríkì wà níbẹ̀, àwa ni wọ́n ní kí a máa tijú.

Ó tilẹ̀ ku ohun kan tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí gbàgbé. Àwọn àgbà wa sọ pé ní Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó sì máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni alẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹni tó gbé agọ̀ Ẹ̀fẹ̀ ń júbà àwọn ìyá wa, lẹ́yìn náà ó ń fi orin tú àṣírí olè, alágbèrè, ahun, àti olóyè tó ń jẹ owó ìlú, gbogbo ọjà á sì pa ẹ̀rín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́dún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Níjọ́ tí a kọ́kọ́ rí Bàbá Sàlá, kò ṣòro fún wa láti mọ ohun tó ń ṣe. A ti mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ìyá wa.

Ẹ̀sùn kẹta ló dùn wá jù, nítorí iṣẹ́ wa ni. Wọ́n ní ó ń ba Faransé àwọn ọmọ jẹ́. Nígbà tiwa, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, wọn á gbé signal kọ́ ọ lọ́rùn, á máa gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. A gbé e rí. A mọ bí ó ṣe wúwo. Ṣé ó mú kí Faransé wa dára? Ohun tó kọ́ wa ni láti dákẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, a dán nǹkan kan wò. Àwọn ọmọ CM2 wa kò lè sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbólóhùn méjì, wọ́n ti dúró. A fi eré àwàdà kan hàn wọ́n, a ní kí wọ́n sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá. Ariwo ta! Ọmọ tí kì í la ẹnu rí sọ ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, ta ló ṣe é, kí ló fà á, báwo ló ṣe parí. Lẹ́yìn náà ni a ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Faransé. Àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀, a kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní orí, ó ní ìdí. Ẹni tí kò lè ronú tó já geere ní èdè ilé, èdè wo ni yóò fi ronú?

A kò sọ pé gbogbo àwàdà àtijọ́ ló dára. Àwọn kan wà tó ń fi arọ ṣẹ̀fẹ̀, àwọn kan wà tí lílu obìnrin jẹ́ ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Èyí kò tọ́, ojú wa là sí i, a sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó tóbi jù wà lọ́rùn àwa olólùfẹ́ gan-an. Ní 1982, Ọláìyá gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí ẹlẹ́tàn gba gbogbo owó rẹ̀ tán, tó fẹ́ kú, tí ọ̀run sì lé e padà pé àkókò rẹ̀ kò tí ì tó. Ohun tó wà nínú fíìmù ló ṣẹ sí oní-fíìmù lára. Àwọn olè da fíìmù náà kọ, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọ̀gá náà lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a ń fi bátìrì ọkọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n, ta nínú wa ló bèèrè ibi tí kásẹ́ẹ̀tì náà ti wá? Àwa náà jẹ nínú ẹran olè. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín, ṣùgbọ́n èyí kò pa wá lẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nìyí. Eré Bàbá Sàlá ṣì wà lórí fóònù, ó kéré tán ohùn rẹ̀ kò ní parun. Àwọn elẹ́fẹ̀ tiwa ńkọ́? Àwọn bàbá tó mọ orin wọ̀nyí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn sì wà ní Kùtọnu, wọ́n ń tijú. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Nítorí náà, a kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín lálẹ́, ẹ jọ wo àwàdà àtijọ́, kí ẹ sì ṣàlàyé òwe tó wà níbẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ní fóònù tó dára, kí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń bọ̀ tó dé, ẹ lọ kí elẹ́fẹ̀ àdúgbò yín, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun tó tọ́ sí i. Ẹ má ṣe fún un ní irú èyí tí wọ́n ṣe fún Ọláìyá. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ sọ signal nù sí ààtàn.

Ọ̀gá wa tó kọjá lábẹ́ igi máńgòrò níjọ́sí, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Àyè ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì wa. Ẹ wá jókòó, ká jọ wò ó. Bí ẹ̀rín kò bá pa yín, a ó gbà pé ẹ̀yin lẹ jàre.