Ẹ Kọ́ Àwọn Ọmọ Òkèrèwè Bí A Ti Ń Pàṣẹ fún Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá gba Òkèrèwè kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀ wa yìí, kò ní í pẹ́ rí ọmọ ilé-ìwé tí ó tẹjú mọ́ fóònù. Ó tẹ ibi kan, ojú ìwé yí padà; ó tẹ ibòmíràn, èsì jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè pé ta ni ó kọ́ ojú ìwé náà ní èsì tí ó ń fọ̀, yóò kàn máa wò yín ni. Ẹ̀dùn ọkàn wa nìyí: àwọn ọmọ wa mọ bọ́tìnì í tẹ̀, wọn kò mọ àṣẹ í kọ.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe idán. Ní ọdún 1995 ni Brendan Eich ti ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀dá èdè àṣẹ tí a ń pè ní JavaScript, èyí tí ó ń mú kí ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì dáni lóhùn. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀: kí a fún nǹkan lórúkọ kí a lè tún pè é, kí a wí pé bí ó bá rí báyìí, ṣe èyí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe tọ̀hún, kí a sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì. Olùkọ́ tí ó mọ ìwọ̀nyí lè kọ ojú ìwé tí yóò béèrè 7 lọ́nà 8, tí yóò wí pé “O káre” bí ọmọ bá kọ 56, tí yóò sì wí pé “Tún un rò” bí ó bá ṣì í.

Òótọ́ ni pé ìjọba ti gbìyànjú. Ní ọdún 2013 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, tí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò kún inú rẹ̀. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n kíkà ni wọ́n ṣe é fún jùlọ. Ifẹ̀ sì mọ̀ pé ọpọ́n kì í ṣe ohun wíwò lásán. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni babaláwo fi ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn, àmì kan tàbí méjì ní àyè mẹ́jọ, títí yóò fi di ọ̀kan nínú odù 256. Oríṣi àmì méjì ní àyè mẹ́jọ náà ni kọ̀ǹpútà fi ń ka 256. Ọmọ tí ó jogún irú ìmọ̀ yìí kò yẹ kí ó bẹ̀rù kọ̀ǹpútà.

Ẹ má ṣe sọ pé kò sí owó. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kò tilẹ̀ di ìgbà tí a bá ra dátà. Àwọn àgbà ní bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èdè Yorùbá là á yé wọn. Ẹ sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó wà nínú ìlú wa, kí wọ́n wá ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ rántí pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ ọmọ tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé kíkà ni ẹ̀tọ́ ọmọ nígbà náà. Àṣẹ kíkọ ti kún un lónìí. Bí àwọn olùdíje bá tún dé Òkèrèwè láti tọrọ ìbò, ẹ má jẹ́ kí àpò ìrẹsì dí yín lójú. Ẹ bi wọ́n pé kọ̀ǹpútà mélòó ni wọn yóò gbé sí ilé-ìwé wa, àti pé ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ.

Ẹni tí kò mọ àṣẹ í kọ, àṣẹ ẹlòmíràn ni yóò máa jẹ́ títí.